Lẹ́tà ṣíṣí sí Àjọ DAWN lórí ọ̀nà ìrìn-àjò ìṣẹ̀ǹbáyé láti Ọ̀wọ̀ dé Ẹ̀pẹ́

Sí Àjọ DAWN,
Cocoa House, Dùgbẹ̀, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Mo ń kọ lẹ́tà yìí sí ẹ̀yin tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ní gbangba, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kọmíṣọ́nnà kan tó lè dá a ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn ilé, odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ ara wọn kọ́, tí wọ́n sì gbẹ́, láàárín nǹkan bí 1,000 ọdún sí 500 ọdún sẹ́yìn, láti Ọ̀wọ̀ dé Ilé-Ifẹ̀, láti Ilé-Ifẹ̀ dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú títí wọ Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ so wọ́n pọ̀ di ọ̀nà ìrìn-àjò kan, tí yóò ní orúkọ kan, àmì kan àti ìlànà kan tí yóò dáàbò bò wọ́n, kí ẹ sì ṣe é láì kọ́ ohun tuntun kankan lé wọn lórí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò káàkiri Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ wa tó ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà wálé, àwọn mìíràn sì jẹ́ olórìṣà láti Brazil tó wá bá wa ṣe ọdún Ọlọ́jọ́. Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn: “Àwọn ilé wọn ńkọ́?” Wọ́n ti rí orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní mùsíọ́mù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, tó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó lè rọ irú orí bẹ́ẹ̀ kò lè máa gbé inú ahéré. Wọ́n wá ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, wọ́n ń wá ògiri gíga, wọn ò rí nǹkan kan ju páànù àti búlọ́ọ̀kù lọ.

Lábẹ́ bàtà wọn ni ohun tí wọ́n ń wá wà. Àwọn baba wa kò fi òkúta kọ́lé. Yangí, amọ̀, igi àti koríko ni wọ́n lò, amọ̀ tí òrùlé bá sì ti kúrò lórí rẹ̀, òjò ọdún mélòó kan ti tó láti sọ ọ́ di ilẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ àgbàlá wọn kò yọ́, nítorí pé àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé láàárín ọ̀rúndún 12 sí 15 ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wáyé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó rí. Wọn kò kàn da àpáàdì sílẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Ńṣe ni wọ́n gbé àpáàdì kọ̀ọ̀kan dúró lórí etí rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀kan ti ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé etí tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ ń bá pàdé. Níbì kan, ìlà gbọọrọ ni wọ́n tò ó sí. Níbòmíràn, wọ́n dà á sí ọ̀tún, wọ́n dà á sí òsì, títí tí ó fi rí bí egungun ẹja. Àwọn mìíràn a tún máa fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín ìlà àpáàdì, kí ojú ilẹ̀ náà lè máa dán. Tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún lẹ́yìn òjò, ẹ ó rí i pé apá ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rìn jù ti fá, ó sì jọ̀lọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ fi iṣẹ́ yìí fún Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó jọba ní Ifẹ̀, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, tó sì ń fi títẹ́ àpáàdì ṣe ìjìyà fún ẹni tó bá ṣẹ̀. Èmi ò jiyàn pẹ̀lú ìtàn náà, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àlejò nítorí pé ó dùn. Àmọ́ àpáàdì tó wà nílẹ̀ ní Ifẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ ìgbà ọba kan lọ, a sì ti rí irú rẹ̀ ní àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, a tún rí i ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo. Ọgbọ́n ìkọ́lé tó rìn jìnnà ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà òwò àti àṣà wa gbà ní ìgbà náà lè tẹ̀ lé àpáàdì.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tó ń ṣètò mọ̀ ni pé àpáàdì yìí ni àwòrán ilé tó kù fún wa. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake wa ilẹ̀ Ọbalárá àti Wóyè Àṣìrí ní Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó fi ibi tí àpáàdì pin sí mọ ibi tí ògiri àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti wà. Ó rí àgbàlá tí ilé yí ká, àti ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láàárín àpáàdì tó fi jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ní Láfògído, níbi tí Ekpo Eyo ti wa ilẹ̀ ní 1969, ìkòkò tí wọ́n fi orí ẹranko alámọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n tò yí àpáàdì ká. Ní Ìta Yemòó, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́jú ilẹ̀ ti kan àwọn ère idẹ ní 1957, àpáàdì tí Frank Willett hú jáde ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní etí rẹ̀ lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí onílé ti ń jókòó àti ibi tí omi òrùlé ti ń ṣàn sí, láìsí pé ògiri kankan dúró. Tí afinimọ̀nà bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, àlejò yóò rí ilé. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, àpáàdì lásán ni yóò rí.

Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí irú ilé tí àpáàdì Ifẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀, tó ṣì ní òrùlé lórí. Àfin Ọlọ́wọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àfin tó tóbi jù ní Áfíríkà, àgbàlá inú rẹ̀ ni wọ́n ń kà dé 100, ìjọba àpapọ̀ sì ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe gbogbo ògiri rẹ̀ ló ti ìgbà àtijọ́ wá, a ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀, àgbàlá kan tó ń ṣí sí òmíràn, tí òjò ń rọ̀ sí àárín, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, jẹ́ ètò tó ti pẹ́. Igbó Lájà, níbi tí Ekpo Eyo ti wa ilẹ̀ ní 1971, wà nínú ìlú náà pẹ̀lú, àwọn ère amọ̀ tó jáde níbẹ̀ sì fi hàn pé Ọ̀wọ̀ ní ọ̀rúndún 15 ti mọ Ifẹ̀, ó sì ti mọ Benin. Àlejò tó bá ti jókòó sínú àgbàlá kan ní Ọ̀wọ̀ ní àárọ̀, tó wá gba Àkúrẹ́ àti Iléṣà dé Ifẹ̀ ní ọ̀sán, kò ní béèrè ibi tí ilé wà mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé Ọ̀yọ́-Ilé ńkọ́. Ọ̀yọ́-Ilé tó ibi tí à ń lọ, ṣùgbọ́n inú ọgbà ẹranko ni ó wà, ní òkè réré, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ kò sì pẹ́ tó ti Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀nà kejì.

Láti Ifẹ̀, ọ̀nà gba Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀, ó sì gba òpópónà márosẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ibi tí mo ń tì yín lọ gan-an nìyẹn, nítorí pé Erédò Ṣùngbọ́ ni iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó tóbi jù tí a ní, òun náà sì ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Yàrà ni, pẹ̀lú òkè erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀, ó sì yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbi tó bá ti ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkè erùpẹ̀ rẹ̀ tó mítà 20. Peter Lloyd kọ nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n ọdún 1999, nígbà tí awalẹ̀pìtàn Patrick Darling gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, ni ayé gbọ́. Ìṣirò Darling ni pé erùpẹ̀ tí wọ́n gbé níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n fi kọ́ Píramíìdì Khufu ní Íjíbítì lọ, ó sì gbà pé ó ti pé nǹkan bí 1,000 ọdún. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò tíì fẹnu kò lórí ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn kan sì ń fi í sí ìgbà tó sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ orí náà bá tilẹ̀ dín ní ọ̀rúndún mẹ́ta, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó ní ọkọ́ nìkan ṣì ni.

Ẹ sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ máa gba inú oko kòkó àti ọ̀pẹ, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ti dé títí tí ilẹ̀ yóò fi já níwájú yín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù ju òkè lọ, ewé igbó sì bo ojú ọ̀run. Ògiri yangí náà gùn sókè ṣánṣán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó pupa níbi tí òjò ti fọ̀ ọ́, ewédò ti bò ó níbi tí oòrùn kì í dé, gbòǹgbò igi sì ń rọ̀ wá sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ̀ pé yangí máa ń le tí afẹ́fẹ́ bá kàn án; ìdí nìyí tí ògiri náà kò fi ya lulẹ̀ láti ìgbà yìí wá. Kì í ṣe gbogbo ibi ló jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibòmíràn wà tí kò ju kòtò tí ọmọdé lè fò lọ, ibòmíràn sì wà tí irà gba ipò yàrà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí jiyàn pé kì í ṣe odi ogun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún èmi, ààlà tí a fi agbára àti ọgbọ́n pa ni, ẹni tó pa á sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun pa á.

Ní Ọ̀kè-Ẹ̀rí, wọ́n ń fi sàréè Bílíkísù Ṣùngbọ́ hàn, mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ló sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìtàn sọ pé opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ ni, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Àwọn kan tún sọ pé òun ni Ayaba Ṣébà inú Bíbélì àti Kùránì. Ayaba Ṣébà àti Sólómọ́nì ti fi nǹkan bí 2,000 ọdún ṣáájú ọjọ́ orí tí Darling pàápàá fún yàrà yìí, nítorí náà, mi ò rò pé ó bójú mu kí ìjọba kọ ọ́ sára àmì ojú ọ̀nà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ọ̀kè-Ẹ̀rí sọ ìtàn wọn fúnra wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ́, kí àmì sì sọ ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí. Àlejò gbọ́n, yóò mọ èwo ni èwo.

Apá kan Erédò wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítòsí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ kan tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti 1995 ni òun àti Yàrà Benin ti jọ wà lórí ìwé ìdúró UNESCO, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó ń dúró kí àjọ àgbáyé náà kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá ayé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìpínlẹ̀ kan ń rò pé èkejì ni yóò ṣe é. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò kí n kọ ọ́ sí gómìnà kan nìyí: ẹ̀yin ni ẹ wà fún gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, yàrà kò sì mọ ààlà tí ìjọba wá fà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ohun tí mo ń béèrè. Ní Jámánì, ìpínlẹ̀ Saxony-Anhalt ṣí ọ̀nà kan ní 1993, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan, nígbà tí iṣẹ́ ti wọ́n lápá ibẹ̀. Straße der Romanik ni wọ́n pè é, ìyẹn Ọ̀nà Romanik; Romanik ni orúkọ ọ̀nà ìkọ́lé tó gbòde ní Yúróòpù ní nǹkan bí ọ̀rúndún 10 sí 13. Ó so àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn àti ilé olódi ìgbà náà pọ̀ ní ìlú àti abúlé tó lé ní 60, pẹ̀lú Magdeburg ní àárín. Àwọn kan nínú wọn gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀, irú bí Quedlinburg. Àwọn yòókù jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tí kò sí ẹni tó máa torí rẹ̀ nìkan wọkọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Gernrode, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 959, ó sún mọ́ ìgbà tí Darling sọ pé wọ́n ń gbẹ́ Erédò. Ohun tí wọ́n ṣe kò pọ̀: àmì kan náà lójú ọ̀nà, àwòrán ilẹ̀ kan, àlàyé kúkúrú lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, àti ẹnìkan ní abúlé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abúlé tó wà láàárín ibi méjì tí àlejò fẹ́ lọ ni ó jèrè jù, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpolówó. Òkúta Gernrode lè fara da àlejò púpọ̀, ẹrẹ̀ kò lè fara dà á. Ohun àkọ́kọ́ ni kí àwọn awọnlẹ̀ wọn Erédò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ wọn, kí ó má bàa sí ẹni tó máa gba ìwé àṣẹ láti kọ́lé sí orí rẹ̀. Apá kan rẹ̀ ti wọlé sábẹ́ ọ̀nà àti ilé ní àwọn ibì kan. Níbòmíràn, àwọn tó ń wa yangí tà ń gé òkè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè dá onílẹ̀ lẹ́bi púpọ̀. Típà kan tó bá kó yangí lọ, owó ló fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n òkè erùpẹ̀ tó dúró sójú kan kò tíì fún un ní kọ́bọ̀ rí. Nítorí náà, kí apá kan owó ìwọlé máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìdílé tí yàrà gba oko wọn kọjá, kí àwọn ọmọ wọn sì jẹ́ àkọ́kọ́ tí a ó kọ́ ní iṣẹ́ afinimọ̀nà. Bí ó bá ti di pé òkè tó dúró ń mówó wọlé ju òkè tí wọ́n wà tà lọ, ẹ ò ní nílò ọlọ́pàá púpọ̀ níbẹ̀.

Ní Ifẹ̀, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni sìmẹ́ǹtì. Àpáàdì wà lábẹ́ àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé tí ènìyàn ń gbé, onílé tó bá sì fẹ́ kí àgbàlá rẹ̀ mọ́ yóò kàn rọ kọnkéré lé e. Àṣìṣe ńlá mìíràn ni ti ẹni tó rò pé òun ń ṣe ìlú lóore, tó fẹ́ gbé ère, gééètì àti táìlì sí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kí ó lè dùn ún wò. Ìwọ̀nba àpáàdì tí a bá fẹ́ máa fi hàn, kí a kọ́ òrùlé fúyẹ́ lé e lórí, kí a la ojú àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a tẹ́ pákó tí àlejò yóò máa rìn lé. Èyí tí a kò bá fi hàn, kí a fi iyanrìn bò ó padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe máa ń ṣe, kí a sì fi àmì sí i. Ohun tí ilẹ̀ ti tọ́jú fún 700 ọdún, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣì máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò lè wáyé láìsí Àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, nítorí abẹ́ òfin wọn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyí wà. Nítorí náà, mo rọ̀ yín kí ẹ pè wọ́n jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọba àti àwọn àwòrò tí ibi kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ wọn. Ibì kan wà tí a kì í wọ̀ ní ọjọ́ kan, ibì kan wà tí a kì í ya àwòrán. Ọ̀nà tí kò bá mọ èèwọ̀ wọ̀nyí yóò dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọdún kan.

Mi ò ní tan yín nípa ojú ọ̀nà wa. Ẹni tó bá ń mú àlejò rìn lónìí gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí kòtò àti nítorí ààbò. Kò sí àmì ìṣẹ̀ǹbáyé tó lè yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ifẹ̀, tí gbogbo ibi tó yẹ ní wíwò kò jìnnà síra, àti pẹ̀lú apá Erédò kan tó sún mọ́ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, tí ará Èkó lè lọ ní àárọ̀ kó sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀wọ̀ lè darapọ̀ lẹ́yìn náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a lè wọn Erédò, nígbà tí ewé bá ti fúyẹ́ díẹ̀ tí irà sì gbẹ. Tí ẹ bá yan àwọn awọnlẹ̀ àti awalẹ̀pìtàn tí yóò ṣe é kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń mú àlejò rìn yóò tẹ̀ lé wọn láìgba owó, a ó sì bá wọn pe àwọn àgbẹ̀ tó mọ ibi tí yàrà gbà. Mo ń retí èsì yín, ní gbangba bí mo ṣe kọ tèmi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Afinimọ̀nà kan ní Ilé-Ifẹ̀